Karel Čapek: Akọ̀ròyìn tó fún ayé ní orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì, tó kú kí ọlọ́pàá Hitler tó wá mú un

Tí èèyàn bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Sibang, ládùúgbò kan ní Libreville tó jẹ́ olú ìlú Gabon, ọwọ́ ọmọ èèyàn ni yóò rí nídìí iṣẹ́ gbogbo. Awakọ̀ takisí ń pe èrò, alábàárù ń ja ẹrù, obìnrin ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà. Àwọn Yorùbá tó ti Nàìjíríà àti Benin wá jẹun ní Libreville náà wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wá owó.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù tó wà lápò wọn. Nínú fídíò, rọ́bọ́ọ̀tì tó ní orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí èèyàn ń ká aṣọ, ó ń gbé páálí, ó ń jó.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, rọ́bọ́ọ̀tì 21 bá èèyàn kópa nínú eré sísá oníkìlómítà 21 ní Beijing. Mẹ́fà péré ló sá a dópin. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ 1X ti ń gba owó àsansílẹ̀ lórí Neo, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ilé. Iye rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 20,000 dọ́là.

Ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu èèyàn ni pé: iṣẹ́ tiwa ńkọ́?

Ọkùnrin kan ti béèrè rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí níbì kankan. Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Akọ̀ròyìn ni, Karel Čapek lorúkọ rẹ̀.

Ọmọ dókítà tí eegun ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu

Ọjọ́ Kẹsàn-án oṣù Kínní ọdún 1890 ni wọ́n bí Čapek sí ìlú kékeré Malé Svatoňovice ní Bohemia. Lónìí, orílẹ̀-èdè Czech ni ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n nígbà náà, abẹ́ ilẹ̀ ọba Austria-Hungary ló wà.

Dókítà ni Antonín, bàbá rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Helena ni àkọ́bí, Josef ló tẹ̀ lé e, Karel ló sì kẹ́yìn. Josef di ayàwòrán, òun àti Karel sì jọ kọ ìwé púpọ̀.

Čapek kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Prague, Berlin àti Paris, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Charles tó wà ní Prague lọ́dún 1915.

Àìsàn eegun ẹ̀yìn tó ń ṣe é ni kò jẹ́ kí wọ́n mú un lọ sójú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, púpọ̀ wọn kò sì padà. Ilé ló ti rí bí ìbọn, ọkọ̀ ogun àti afẹ́fẹ́ olóró, tí ọmọ èèyàn fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe, ṣe ń pa ọmọ èèyàn.

Lọ́dún 1917, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn. Láti ọdún 1921 títí tó fi kú, ìwé ìròyìn Lidové noviny ló ń kọ̀wé fún.

Níbo ni orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì ti wá?

Lọ́dún 1920, Čapek ń kọ eré orí ìtàgé kan nípa òṣìṣẹ́ àtọwọ́dá, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ tí ì bá fún wọn. Ó kọ́kọ́ ro orúkọ kan tó jáde láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ níbi tó ti ń yàwòrán. Josef kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dá a lóhùn pé kó pè wọ́n ní roboti. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, Čapek fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ fáyé lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín.

Inú ọ̀rọ̀ robota ni Josef ti fa orúkọ náà yọ. Ní èdè Czech, robota ni iṣẹ́ àfipáṣe tí àgbẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ olówó fún iye ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, láìgba owó. Ọdún 1848 ni wọ́n fòpin sí i ní ilẹ̀ náà. Àwọn bàbá àgbà tó jìyà rẹ̀ kò tíì kúrò ní ìrántí nígbà tí wọ́n bí Čapek.

Yorùbá mọ ohun tó jọ ọ́. Ìwọ̀fà ni ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé lórí owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá. Á ṣiṣẹ́ lóko olówó kó tó ráyè toko tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá san owó náà, ìwọ̀fà di òmìnira. Àgbẹ̀ onírobota kò jẹ gbèsè kankan, wọ́n bí i mọ́ ìyà náà ni.

Nítorí náà, kí rọ́bọ́ọ̀tì tó di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tí wọ́n ń fipá mú ṣiṣẹ́ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú eré náà?

R.U.R. ni wọ́n pe eré náà. Ó dúró fún orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ní erékùṣù kan, tó ń tà wọ́n káàkiri ayé. Rossum ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́, orúkọ tí Čapek fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Czech tó túmọ̀ sí làákàyè.

Rọ́bọ́ọ̀tì Čapek kì í ṣe onírin. Ohun tó dà bí ẹran ara ni wọ́n fi mọ wọ́n, èèyàn kò sì lè tètè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ èèyàn. Wọn kì í béèrè owó oṣù, wọn kì í sinmi.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé iṣẹ́ àti ìṣẹ́ yóò kúrò láyé. Ohun tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àwọn ìjọba ra rọ́bọ́ọ̀tì láti fi jagun, àwọn èèyàn tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́ kò sì bímọ mọ́.

Níkẹyìn, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ṣọ̀tẹ̀, wọ́n pa gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí, Alquist tó ń bójú tó ilé kíkọ́, nítorí pé òun náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi tiwọn. Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kínní ọdún 1921 ni wọ́n ṣe eré náà ní Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè ní Prague. Lọ́dún 1922 ó dé New York, lọ́dún 1923 ó dé London. Bí ọ̀rọ̀ Czech kan ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ní South Africa lónìí, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó.

Bí ayé ṣe sọ rọ́bọ́ọ̀tì di irin kò dùn mọ́ Čapek nínú. Lọ́dún 1935, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ní ọdún 1921 kan náà, ní Áfíríkà

Oṣù kejì ọdún tí wọ́n ṣe eré yẹn ní Prague ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin Congo-Océan, láti Brazzaville dé Pointe-Noire. Gabon àti Congo jọ wà lábẹ́ àkóso kan náà nígbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní AEF.

Tipátipá ni wọ́n fi kó púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi parí lọ́dún 1934, iye àwọn tó ti kú, nínú ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, kò dín ní 17,000.

Ní Gabon fúnra rẹ̀, igi okoumé ni ọrọ̀ tí àwọn amúnisìn ń wá. Kí katakata tó dé inú igbó, àáké àti èjìká ọmọ èèyàn ló ń gé e, tó ń yí i dé etí odò. Oṣù Kẹrin ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe jáde fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Félix Houphouët-Boigny, tó di ààrẹ Côte d'Ivoire lẹ́yìn náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin ọ̀hún.

Èyí ni pé lọ́dún tí àwọn èèyàn Yúróòpù jókòó nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń wo òṣìṣẹ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan, irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láàyè ní Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Čapek di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ààrẹ Tomáš Masaryk, ó sì kọ ìwé lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń pé jọ sílé rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọgbà dídá débi pé lọ́dún 1929 ó tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀. Lọ́dún 1935, ó gbé òṣèré Olga Scheinpflugová níyàwó.

Bí agbára Hitler ṣe ń pọ̀ sí i ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni Čapek ń kọ̀wé lòdì sí i. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1936 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi kan tí èèyàn sọ di ẹrú, tó kọ́ ìjà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì wá gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, Britain àti Faransé gbà ní Munich pé kí Hitler mú apá kan Czechoslovakia. Inú Čapek bàjẹ́. Àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, lẹ́tà èébú ń wọlé. Ọ̀nà wà fún un láti sá lọ sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ó kọ̀.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1938. Ẹni ọdún 48 ni.

Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì wọ Prague ní oṣù Kẹta ọdún 1939, ọlọ́pàá Gestapo lọ sílé rẹ̀ láti mú un. Wọn kò mọ̀ pé ó ti kú. Josef ni wọ́n rí mú ní oṣù Kẹsàn-án. Àgọ́ ni wọ́n ń gbé e kiri títí tó fi kú ní Bergen-Belsen lọ́dún 1945, nínú ètò kan tó ń lo èèyàn bí irinṣẹ́. Ẹni tó fún rọ́bọ́ọ̀tì lórúkọ nìyẹn.

Kí ni ìtàn rẹ̀ ń sọ fún wa?

Rọ́bọ́ọ̀tì ti dé Áfíríkà. Lọ́dún 2013 ni rọ́bọ́ọ̀tì gìrìwò bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọkọ̀ ní oríta ní Kinshasa. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ Uniccon ṣàfihàn Omeife ní Abuja, rọ́bọ́ọ̀tì abirisí-èèyàn tí wọ́n kọ́ ní èdè Yorùbá, Igbo àti Hausa.

Neo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ náà kò tíì mọ gbogbo iṣẹ́ lọ́dún 2025. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé èyí tí kò bá mọ̀, òṣìṣẹ́ kan lè jókòó síbòmíràn kó máa darí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni oníbàárà ń rí, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Čapek kò sọ pé kí a má ṣe ẹ̀rọ. Ohun tó ń béèrè ni ẹni tí èrè máa lọ sápò rẹ̀, àti ohun tí wọ́n pèsè sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ja ẹrù ní Sibang kò ní kábàámọ̀ tí ẹ̀rọ bá gba àpò sìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀, bí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kò bá bá àpò náà lọ.

Igbó kékeré kan ṣì wà ní Sibang, tí wọ́n dá sí láàárín ilé àti títì. Arboretum ni wọ́n ń pè é. Kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti ń ja ẹrù, tí wọ́n sì ń wo rọ́bọ́ọ̀tì lórí fóònù. Čapek tó fẹ́ràn ọgbà ì bá dúró níbẹ̀ pẹ́, kó wo igi, kó sì wo àwọn alábàárù náà.