Johann Sebastian Bach àti Dùrù Störmthal

Ní ọdún 1685 ni a bí Johann Sebastian Bach ní Eisenach, ní ilẹ̀ Jámánì. Ìdílé olórin ni wọ́n. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, onídùrù, ni ó gbà á tọ́.

Ní ọdún 1703, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, àwọn ará Arnstadt pè é láti dán dùrù titun ṣọ́ọ̀ṣì wọn wò. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́, wọ́n sì fi í jẹ onídùrù wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ròyìn pé ohun tí í kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò ṣí gbogbo ohùn dùrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti mọ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá le. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ dùrù rí mọ̀ ìdí rẹ̀: bí atẹ́gùn kò bá tó, ìkérora ni a ó gbọ́.

Ní ọdún 1723 ó di olùkọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ St. Thomas ní Leipzig. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni akọrin fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ó yẹ kí ó kọ́ wọn ní Látìn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fi owó ara rẹ̀ gba ẹlòmíràn sí i (àwọn kan nínú wa ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò!).

Ní ọdún kan náà ni àwọn ará Störmthal, abúlé kan nítòsí Leipzig, parí ṣọ́ọ̀ṣì titun wọn. Zacharias Hildebrandt ni ó ṣe dùrù rẹ̀. Bach yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yìn ín. Orin ìyàsímímọ́ ni ó kù. Bach, tí ó ń pèsè orin fún Leipzig lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mú orin kan tí ó ti kọ ní ààfin Köthen, tí kì í ṣe ti ìsìn rárá, ó fi ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run sí i, a sì kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá.

Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀? A ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí láàrin wa, nígbà tí àwọn kan ń fẹ́ kí ohùn orin ìbílẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run, tí àwọn mìíràn sì ń kọ̀ ọ́. Ní tèmi, Bach kò ṣàìbọ̀wọ̀ fún ibi mímọ́. Ohun tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó mú wá. Ní ọdún 1724 ó tún lo orin náà ní Leipzig, ní Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan.

Ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní ọdún 1750. Dùrù Hildebrandt ṣì wà ní Störmthal di òní, a sì ń tẹ̀ ẹ́.