Dorothy Hodgkin: Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta Tó Gba Ẹ̀bùn Nobel

Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ wọ ẹ̀ka kẹ́místírì, di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ó bímọ nígbà tí ó ku ọdún kan péré kí ó gboyè. Kò kùnà nínú ìdánwò kankan. Ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ fún wákàtí mẹ́ta tí à ń lò nínú láàbù ni kò rí. Èmi tí mo ń jókòó tì í pàápàá kò bi í léèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn obìnrin kan tí ó bímọ sẹ́nu iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, tí kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1910 ni wọ́n bí Dorothy Crowfoot ní ìlú Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọbìnrin mẹ́rin. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Beccles, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ń kọ́ ní kẹ́místírì. Òun àti ọmọbìnrin kan péré ni wọ́n gbà láàyè láti bá wọn jókòó. Ní 1928 ó wọ Somerville, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Yunifásítì Oxford. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ J. D. Bernal ní Cambridge, ó padà sí Somerville ní 1934, kò sì pẹ́ tí ó fi di olùkọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni kí ó máa ta ìtànṣán X-ray sí àwọn kírísítàlì wẹ́wẹ́, kí ó ya àwòrán bí ìtànṣán náà ṣe fọ́n ká, kí ó sì ti ara àwòrán ṣírò bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò jọ nínú nǹkan náà. Nínú mùsíọ́ọ̀mù yunifásítì ni wọ́n ti fún un láyè ìṣiṣẹ́. Àkàbà ló ń gùn lọ sẹ́bàá fèrèsé kí ó tó lè wo kírísítàlì rẹ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ti ń jíròrò ìwádìí wọn kò sì jẹ́ kí obìnrin wọ ìpàdé wọn.

Ní 1937 ó di aya Thomas Hodgkin, ẹni tí ó wá di òpìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn láàárín wa yóò mọ ìwé rẹ̀, Nigerian Perspectives, tí ó jáde ní 1960. Ní 1938 wọ́n bí Luke. Níhìn-ín gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Somerville kò ní kí ó máa lọ. Wọ́n fún un ní ìsinmi ìbímọ, wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un, nígbà tí irú rẹ̀ kò tíì sí nínú àṣà Oxford. Lẹ́yìn ìbí náà ni làkúrègbé kọlù ú, tí ó sì wọ́ ọ ní ìka ọwọ́ títí ayé rẹ̀. Síbẹ̀ ó bí Elizabeth ní 1941, ó bí Toby ní 1946, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́.

Báwo ló ṣe rí i ṣe? Fún ọdún mélòó kan ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Àwọn tí ó gbà sílé ló ń bá a tọ́jú ọmọ. Nígbà tó yá, òun àti àbúrò rẹ̀, Joan, tí ó ní ọmọ márùn-ún, jọ ń gbé ilé ńlá kan. Ẹni tí ó bá rò pé àwa nìkan la mọ agbo ilé, kí ó tún un rò. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìyá ló lágbára àtigba ọmọ ọ̀dọ̀; ìdí nìyí tí ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe fi tóbi lójú mi.

Ẹ wo èrè rẹ̀. Ní 1945 ó rí ìdí bí pẹnisílíìnì ṣe tò. Ní 1947 Royal Society gbà á wọlé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ó rí ìdí fítámì B12. Ìnsúlíìnì tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, tí ó ti ń wá ìdí rẹ̀ láti nǹkan bí 1935, ọdún 1969 ni àṣírí rẹ̀ tú sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ Ghana, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní Legon, ni ó wà nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn Nobel ti 1964 kàn án. Ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ipò ìyàwó ilé ṣáájú orúkọ rẹ̀! Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn kò sì tíì gba ẹ̀bùn Nobel nínú sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú láàbù rẹ̀, obìnrin pọ̀, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló sì ń pè é ní Dorothy, ohun tí ẹnu tiwa kò lè gbà. Margaret Thatcher, tí ó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979, wà lára àwọn tí ó kọ́ ní kẹ́místírì. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1994 ni Dorothy papò dà.

Ọpọlọ rẹ̀ pé, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọ̀rẹ́ mi náà pé. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àwọn tí ó yí wọn ká. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí yàrá kan wà lẹ́bàá láàbù tí a lè gbé ọmọ sí, ẹ má fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ tí ìyá ń lọ gbé ọmọ, ẹni tí ó bá bímọ, ẹ sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, wákàtí mẹ́ta kò pọ̀ jù láti bá ẹni gbé ọmọ.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti ń rìn báyìí. Ìwé iṣẹ́ láàbù ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń tọ́jú rẹ̀ dè é.