Ferdinand Porsche: ọmọ oníṣẹ́ páànù tó fi esáǹsì àti iná mànàmáná wa ọkọ̀ ní ọdún 1900

Ní èbúté Kútọnu, lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, a ń rí àwọn kan tó ń lo esáǹsì àti iná mànàmáná pọ̀. Íbíríìdì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé nǹkan ayé òde òní ni. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rìn ní ìgboro Yúróòpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún márùn-ún dín lọ́gbọ̀n ló ṣe é. Ferdinand Porsche ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí lónìí, ibi tó dára àti ibi tó burú. Nínú ìtàn náà, a óò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi ọkọ̀ íbíríìdì, torí ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ọ̀kan, ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà.

Ọmọ tí iná mànàmáná wọ̀ lọ́kàn

Wọ́n bí Ferdinand Porsche ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Maffersdorf. Abẹ́ ọba Ọ́sítríà ni ìlú náà wà nígbà yẹn; lónìí, ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ló wà. Oníṣẹ́ páànù ni Anton, bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ni bàbá fẹ́ kí ọmọ jogún, ó sì kọ́ ọ. Àmọ́ ọkàn ọmọ kò sí nídìí òòlù àti páànù. Ilé iṣẹ́ kan wà nílùú náà tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì, ti ìdílé Ginzkey. Ibẹ̀ ni Ferdinand ti rí iná mànàmáná, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti ro nǹkan mìíràn mọ́.

Bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ páànù lójú mọmọ, ó sì ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Reichenberg tó wà nítòsí wọn. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun fúnra rẹ̀ ti fa iná wọ ilé àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Ní ọdún 1893, ó lọ sí Vienna, olú ìlú Ọ́sítríà, ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Béla Egger tó ń ṣe ẹ̀rọ oníná. Kò lọ sí yunifásítì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, á yọ́ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, á jókòó gbọ́ ohun tí àwọn olùkọ́ ń sọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò ní ilé iṣẹ́ náà.

Ẹrù bátìrì

Ní Vienna, oníṣòwò kan wà tó ń jẹ́ Ludwig Lohner. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe fún àwọn ọlọ́lá. Lohner rí i pé ayé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń tán lọ, ó sì ń wá ọkọ̀ tí kò ní máa pariwo, tí èéfín rẹ̀ kò sì ní máa rùn. Ó gba Porsche síṣẹ́.

Ní ọdún 1900, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Paris. Ohun tó yà àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọkọ̀ náà kò ní ṣéènì, kò ní gíà. Porsche ti fi ẹ̀rọ oníná sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú, débi pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, ó sì tóbi. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì ayé ìgbà náà. Bátìrì ọkọ̀ yìí lé ní 400 kilo, bí àpò ìrẹsì oníkilo 50 mẹ́jọ. Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n yẹn, nǹkan bíi kìlómítà 50 ni ọkọ̀ náà lè rìn kí iná tó tán. Ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò ní Kútọnu lè dé Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè padà láìjẹ́ pé ó rí ibi tó ti máa gba iná.

Porsche ronú kan. Kí ló dé tí ọkọ̀ kò fi lè máa ṣe iná tirẹ̀ lójú ọ̀nà? Lọ́dún náà gan-an, ó gbé ẹ́ńjìnnì kékeré méjì tó ń lo esáǹsì, ti ilé iṣẹ́ De Dion-Bouton ní Faransé, sínú ọkọ̀ kan. Ó so jẹnẹrétọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń fún ẹ̀rọ inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ níná, èyí tó bá ṣẹ́ kù ń lọ sínú bátìrì. Bátìrì wá lè kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì lè rìn jìnnà. Ó sọ ọ́ ní Semper Vivus, orúkọ èdè Látìn tó túmọ̀ sí ẹni tó wà láàyè títí.

Oríṣi mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Ibí ló yẹ ká ti dúró díẹ̀, torí ọ̀nà tí Porsche gbà kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà.

Ẹ fojú inú wo ọjà. Alábàárù kan wà tó ń ru ẹrù, ẹnì kan sì wà tó ń se oúnjẹ fún un. Ẹni tó ń se oúnjẹ kì í fọwọ́ kan ẹrù. Bí ọkọ̀ Porsche ṣe rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì esáǹsì ló ń se oúnjẹ, ẹ̀rọ oníná nìkan ló ń ru ẹrù. Oríṣi kìíní nìyí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ ní ìwọ̀n tó dára jù fún un, yálà ọkọ̀ ń sáré tàbí ó ń rọra lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé agbára máa ń ṣòfò díẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di iná, tí a tún ń sọ iná di ìrìn.

Nínú oríṣi kejì, alábàárù méjì ló wà, wọ́n sì jọ ń ru ẹrù kan náà. Ẹ́ńjìnnì esáǹsì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ oníná náà ń bá a yí i. Láyé Porsche náà, ilé iṣẹ́ Pieper ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ń ṣiṣẹ́ lórí irú èyí. Ó dára lójú ọ̀nà tó jìn, torí agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tààrà.

Oríṣi kẹta pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ lè fi ìkòkò sílẹ̀ wá bá wọn ru ẹrù nígbà tó bá wúwo, kó tún padà sídìí ààrò nígbà tó bá fúyẹ́. Toyota Prius, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jàpáàn ní oṣù kejìlá ọdún 1997, oríṣi yìí ni. Nínú ìgboro tí ọkọ̀ ti ń dúró tó ń lọ, iná ló sábà máa ń lò. Lójú títì gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì á gbà á. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ṣì ń yí á máa ṣe iná padà sínú bátìrì.

Láti ọkọ̀ ìgbafẹ́ dé ọkọ̀ ogun

Ní ọdún 1901, Porsche tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó fi ẹ́ńjìnnì Daimler ńlá kan rọ́pò kékeré méjì. Wọ́n pe èyí ní Mixte. Ó ń rìn dáadáa, àmọ́ ó wúwo, ó wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rí tà. Lákòókò yẹn, ọkọ̀ tó ń lo esáǹsì nìkan ń rọrùn sí i, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ọjà ti dájọ́.

Ní 1902, wọ́n pe Porsche sí iṣẹ́ ológun, ó sì wa ọkọ̀ fún Franz Ferdinand, ọmọ ọba Ọ́sítríà tí ikú rẹ̀ ní 1914 dá Ogun Àgbáyé Kìíní sílẹ̀. Ní 1906, ó di ọ̀gá àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Austro-Daimler. Nígbà tí ogun dé, ó gbé ọgbọ́n àtijọ́ rẹ̀ jáde. Ó ṣe ọkọ̀ ńlá kan tó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣe iná, iná náà sì ń gba inú wáyà lọ sí ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ tó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ́ ìbọn ńlá gba ibi tí ẹṣin kò lè gbà. Ní 1917, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Vienna, níbi tó ti ń yọ́ wọlé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, fi oyè dókítà dá a lọ́lá.

Ọ̀gá tuntun

Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Stuttgart ní Jámánì, ó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Daimler. Ní 1931, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ni Adolf Rosenberger, tó jẹ́ Júù, tó sì kó owó sí i.

Ní 1933, Hitler gba ìjọba. Ó ń fẹ́ ọkọ̀ tí agbára òṣìṣẹ́ lásán á ká. Ní 1934, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Porsche. Ọkọ̀ tó yà nígbà náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Volkswagen oníjàpá. Ní 1935, ìjọba Hitler ju Rosenberger sẹ́wọ̀n, ìpín rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ó sá lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ní 1937, Porsche wọ ẹgbẹ́ Hitler.

Àwọn èèyàn Jámánì ń dá owó sílẹ̀ láti ra ọkọ̀ náà, máàkì márùn-ún lọ́sẹ̀, bí ẹni ń dá èésú. Ó lé ní 300,000 èèyàn tó dá a. Ogun bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ yí padà sí ṣíṣe ọkọ̀ ológun, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó gba ọkọ̀. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lásìkò ogun, ju ìdajì wọn lọ ni wọ́n fi tipátipá kó wá: ẹlẹ́wọ̀n ogun, àwọn èèyàn láti ilẹ̀ tí Jámánì ṣẹ́gun, àti àwọn tí wọ́n kó láti àgọ́ ìfìyàjẹni. Porsche wà lára àwọn olórí ilé iṣẹ́ náà. Kò sí bí a ṣe máa ròyìn ọgbọ́n rẹ̀ tí a ó fi eléyìí sílẹ̀.

Ó tún gbé ọgbọ́n Semper Vivus lọ sínú ọkọ̀ ogun onírin. Ẹ́ńjìnnì méjì ń ṣe iná, iná ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 1942, ó ń bà jẹ́ ṣáá, bàbà tó sì ń jẹ ti pọ̀ jù nígbà tí bàbà ti wọ́n. Ilé iṣẹ́ Henschel ló gba iṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ti ṣe nínú ti Porsche, nǹkan bí 90, ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì sọ ní Ferdinand.

Ẹ̀wọ̀n àti òpin

Ogun parí ní 1945. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ará Faransé mú Porsche. Ó wà lẹ́wọ̀n fún ogún oṣù, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Dijon pẹ̀lú, wọn kò sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ferry, ọmọ rẹ̀, ló wá owó tí wọ́n fi gba ìdúró rẹ̀ ní 1947. Ferry náà ló ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ ìdílé wọn, ní 1948. Bàbá náà kú ní Stuttgart ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1951, lẹ́ni ọdún 75. Zell am See ní Ọ́sítríà ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tó kù fún ẹni tó ń rajà

Ọgbọ́n tí ọjà kọ̀ ní 1901 ti padà dé, torí bátìrì ti fúyẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń darí ẹ́ńjìnnì àti iná láìsí wàhálà fún awakọ̀. Nissan Note e-Power, tó jáde ní Jàpáàn ní 2016, ọ̀nà Semper Vivus gan-an ló gbà: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Oríṣi méjì mìíràn tún ti dé. Ọ̀kan ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ láti gba iná ilé. Ẹni tó bá rà á níbi tí iná kì í ti í dúró, tí kò sì rí i fi gba iná, bátìrì ńlá rẹ̀ á di ẹrù tí esáǹsì ń gbé kiri. Èkejì ní ẹ̀rọ oníná kékeré tó kàn ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kò lè dá gbé ọkọ̀ rìn. Ẹni tó bá rà á, kó má retí pé esáǹsì á dín kù púpọ̀.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè irú íbíríìdì tí ọkọ̀ náà jẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ orí bátìrì ńlá rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí òun ló wọ́n jù láti pààrọ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́ ọ. Iná tó wà nínú ti Prius lé ní 200 volt, ó sì lè pa èèyàn.

Ní 2011, ilé iṣẹ́ Porsche tún Semper Vivus ṣe bó ṣe wà ní àtijọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva. Ó rìn. Ọgbọ́n ọmọ oníṣẹ́ páànù náà kò kú. Ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n yẹn ṣe lásìkò ogun náà wà nínú ìtàn, kò sì ní parẹ́.