Dókítà Africanus Horton àti Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ̀yin olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́ ìlera, ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìgbésí ayé James Africanus Beale Horton.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Wọ́n bí i ní 1835 ní Gloucester, lẹ́bàá Freetown ní Sierra Leone. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London àti Edinburgh, ó sì gboyè dókítà ní 1859. Ibẹ̀ ló ti fi Africanus kún orúkọ rẹ̀.

Ó di dókítà ológun, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1868, ó dábàá pé kí Accra di ìlú olómìnira tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa ṣàkóso. Ní 1874, ó tẹ ìwé lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàpèjúwe ibà kan tó máa ń bá ìrora oríkèé rìn. Dókítà Felix Konotey-Ahulu ti Ghana fi hàn lẹ́yìn náà pé fòníkú-fọ̀ladìde ni àpèjúwe náà bá mu. Ọdún 1910 ni James Herrick ní Chicago tó ròyìn ẹ̀jẹ̀ tó rí bí dòjé. Horton wo aláìsàn dáadáa. Ó kú ní 1883.

Ohun tí a mọ̀ lónìí

Ìrora nìkan kọ́ ni àìsàn yìí ń fà. Ó lè mú kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ fún pọ̀. Bí kò bá sí ìdènà, nǹkan bí 11 nínú 100 ẹni tó ní SS ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Irú kan tún wà tí kò hàn síta: ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan ní ilé ìwé. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ kíyè sí àwọn àmì wọ̀nyí:
- ẹnu tó yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan;
- apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì;
- ọ̀rọ̀ tí kò já gaara;
- gìrì, tàbí orí fífọ́ líle lójijì.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti pé SS ni ọmọ náà. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ, omi tàbí àgbo. Ẹ má ṣe sọ pé ayé ló ṣe é, kí ẹ sì jókòó.

Ìdènà

Láti ọdún 2 sí 16, ó yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára ṣàn nínú iṣan ọpọlọ ọmọ tó ní SS lọ́dọọdún. Bí ó bá léwu, ìfàjẹ̀sínilára tàbí oògùn hydroxyurea lè dín ewu náà kù. Ní Accra, ilé iṣẹ́ Ghana Institute of Clinical Genetics ti wà ní Korle Bu láti 1974. Bí ọmọ yín kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá tún lọ sí kíláńíìkì.