Soichiro Honda: Ẹni Tó Mọ Bí Ẹ́ńjìnì Ṣe Ń Sáré Láì Fọ́

Orúkọ tó wà lára jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà àdúgbò yín yẹn, orúkọ èèyàn ni. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí torí àríyànjiyàn tó ń lọ ní kíláàsì wa: ṣé èèyàn lè gbé òpin eré ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sókè kó má bàjẹ́?

Ọdún 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda ní abúlé kan nítòsí Hamamatsu, ní Japan. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tí Honda pé ọmọ ọdún 15, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Ní 1928, ó padà sí Hamamatsu, ó ṣí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnì Ford kọ́ ọkọ̀ ìje, òun àti àbúrò rẹ̀ sì gbé e lọ sí ìdíje ní 1936. Ọkọ̀ náà kọlu òmíràn, ó takìtì, àwọn méjèèjì fara pa.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rìǹgì písítìn. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ò dáa, ló bá padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ nípa irin. Síbẹ̀, nínú 50 tó kó fún Toyota, 3 péré ló yege. Kò jáwọ́. Ó ń wádìí kiri títí tó fi ṣe é dáadáa.

Ní 1948 ló dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Ní 1959, wọ́n gbé ọ̀kadà lọ díje ní Isle of Man. Ní 1961, wọ́n gba ipò kìíní níbẹ̀. Nígbà tó di 1966, ọ̀kadà ìje wọn tó jẹ́ 250cc ń yípo tó 18,000 láàárín ìṣẹ́jú kan!

Báwo ló ṣe ṣe é? Ẹ gbọ́ o. Bí ẹ́ńjìnì bá kúrò ní 6,000 bọ́ sí 7,000, agbára tó ń fa kọ́nírọ́ọ̀dù máa fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ pọ̀ sí i. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Sípíríńgì fáàfù náà ò ní lè pa fáàfù dé lásìkò mọ́, písítìn á wá gbá a. Ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Honda ò fipá lé eré kún. Písítìn kéékèèké mẹ́fà ni wọ́n tò sínú 250cc yẹn, kí ohun tó ń lọ sókè sódò lè fúyẹ́. Báyìí náà ni ọkọ̀ kékeré wọn S500, tó jáde ní 1963: písítìn mẹ́rin ló wà nínú 531cc, ní 8,000 ló sì ti ń fún èèyàn ní agbára tó pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra Honda àlòkù kan tí wọ́n ti tún ṣe kó lè sáré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò ju kéèyàn fi láptọ́ọ̀pù yí nọ́ńbà òpin eré padà. Ohun tí mo máa sọ fún un rèé. Kọ́kọ́ wò ó bóyá agbára ẹ́ńjìnì ṣì ń gòkè níbi tí òpin wà. Bó bá ti ń wálẹ̀, ariwo lásán lo máa rí. Bó bá ṣì ń gòkè, fi sípíríńgì tó le sí i, kọ́nírọ́ọ̀dù tó lágbára àti bíárìn tuntun, kí o sì rí i pé ọ́ìlì ń dé ibi gbogbo. Ìgbà yẹn ni kí o tó gbé òpin sókè, díẹ̀díẹ̀. Má sì gbàgbé pé bí o bá ṣèèṣì já jíà láti márùn-ún sí méjì lórí eré, táyà ló máa fipá yí ẹ́ńjìnì. Òpin inú kọ̀ǹpútà ò lè gbà ẹ́ sílẹ̀.

Honda kú ní 1991. Ní tèmi o, rìǹgì 47 tí kò yege yẹn ló kọ́ ọ níṣẹ́ jù: ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì ló ń sọ ibi tí eré máa dé, kì í ṣe nọ́ńbà.