Alexander Calder, àgbàlagbà tí kò fi eré sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ti dé ilé UNESCO ní Paris lè ti rí ère irin ńlá kan níbẹ̀, tí apá òkè rẹ̀ máa ń yí bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Spirale ni orúkọ rẹ̀, láti 1958. Ará Amẹ́ríkà kan, Alexander Calder, ló ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n bí i ní 1898. Ilé oníṣẹ́ ọnà ni ilé wọn: bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ère, bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe ère William Penn tó dúró lórí gbọ̀ngàn ìlú Philadelphia, ìyá rẹ̀ sì ń ya àwòrán. Síbẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Calder kọ́kọ́ kọ́. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1919, ó ṣe iṣẹ́ kiri, ó tilẹ̀ dáná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, kó tó padà sídìí ọnà.

Ní 1926 ó dé Paris. Ibẹ̀ ló ti fi wáyà, àkísà, igi àti ìdérí ìgò ṣe Cirque Calder: kìnnìún, ẹni tí ń gbé idà mì, àwọn tí ń fò lórí okùn, gbogbo wọn kò ju ohun tí a lè kó sínú àpótí ìrìnàjò lọ. Yóò kúnlẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ fa okùn wọn, yóò sì bú ramúramù fún kìnnìún. Mondrian, Miró àti Léger wà lára àwọn tó wá wò ó.

Ẹlòmíràn lè ní ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Àwa kò gbà. Ìdí eré yẹn ló ti mọ bí nǹkan ṣe ń dọ́gba lórí wáyà. Nígbà tó rí àwọn àwọ̀ tí Mondrian lẹ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1930, ó ní ì bá dára bí wọ́n bá lè máa mira, Mondrian kọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ère Calder fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Marcel Duchamp pè wọ́n ní mobile, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ohun tí ń rìn, tó tún túmọ̀ sí ìdí tí ènìyàn fi ṣe nǹkan.

Calder kú ní New York ní oṣù kọkànlá 1976. Cirque náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney báyìí, ó gbẹgẹ́, kò sì sẹ́ni tí ń fa okùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbé sínú dígí, láìsí ìlù, láìsí ẹni tí ń jó o, yóò mọ ohun tí a ń sọ. Fíìmù ló kù: ti Jean Painlevé ní 1955, àti ti Carlos Vilardebó ní 1961. Nínú ti Vilardebó, Louisa ìyàwó rẹ̀ ń fi gíramafóònù kọrin fún eré náà, Calder tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún sì wà nílẹ̀, ó ń ran kìnnìún rẹ̀ lọ́wọ́ láti bú.