Alfred Büchi: Ọkùnrin tó gba agbára lọ́wọ́ èéfín

Ẹni tó bá ti dúró létí títì nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé ń gun òkè yóò ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó máa ń dún láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì, bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé. Tọ́bò ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun tó ń súfèé náà. Ó wà lára ọkọ̀ àjàgbé, ó wà lára ọkọ̀ ojú omi, ó wà lára ẹ̀rọ amúnáwá ńlá. Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá tilẹ̀ ń fi owó iyebíye rà á lọ́tọ̀ kí wọ́n lè fi sára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án. Ogún ọdún gbáko ni ọkùnrin náà fi jà kí ohun tó wà lórí bébà rẹ̀ tó di ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ tó sì rí kọ́ níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọ́ títí dòní lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì wọn bá ti fọ́ tán: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 1879 ni wọ́n bí Alfred Büchi ní ìlú Winterthur, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ìlú àwọn tó ń rọ irin ni Winterthur. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Sulzer, tó gbajúmọ̀ fún ẹ̀rọ ńláńlá, fìdí kalẹ̀ sí, bàbá Büchi sì wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìdí ẹ̀rọ ni ọmọ náà dàgbà sí. Ní ọdún 1899, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Zürich, ó sì gboyè jáde ní ọdún 1903. Lẹ́yìn èyí ló lọ ṣiṣẹ́ ní Belgium àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan ló ń jẹ ọ̀dọ́kùnrin yìí lọ́kàn. Nínú ooru tí epo ń mú wá bó bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń bá èéfín jáde lọ lásán. Lójú Büchi, owó ni wọ́n ń dà sínú afẹ́fẹ́. Ó wá ronú pé bí èéfín bá lè yí abẹ̀bẹ̀ kan kó tó jáde, tí ọ̀pá kan ṣoṣo sì so abẹ̀bẹ̀ náà pọ̀ mọ́ òmíràn tó ń fún afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì náà yóò rí afẹ́fẹ́ mí dáadáa, yóò lè jó epo púpọ̀ sí i, agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ láìjẹ́ pé ó tóbi sí i. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1905, ó fi èrò yìí lé ìjọba Jámánì lọ́wọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà náà.

Ṣùgbọ́n èrò ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Büchi padà sílé, ó ń bá Sulzer ṣiṣẹ́, ní ọdún 1911 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní Winterthur. Nígbà tó di ọdún 1915, ó ti ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan tó ní tọ́bò lára, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Agbára tí abẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní ń gbà lọ́wọ́ èéfín kò tó láti mú kí abẹ̀bẹ̀ kejì máa fún afẹ́fẹ́ déédéé. Lákòókò yẹn kan náà, àwọn mìíràn ti ń gbé èrò tó jọ ọ́ lọ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 1918, Sanford Moss ará Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú kan gun orí òkè Pikes Peak ní Colorado, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 14,000 lọ, láti fi hàn pé tọ́bò lè ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́.

Büchi kò jáwọ́. Ó wá ṣàkíyèsí pé èéfín kì í ṣàn jáde bí odò; ó máa ń jáde ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pù, pù, pù, bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti ń tú u dànù. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú páìpù gbàràmù kan, agbára tó wà nínú pípù náà yóò kú sínú àyè tó fẹ̀ jù, èéfín sílíńdà kan yóò sì máa ti òmíràn padà. Ó pín àwọn sílíńdà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní páìpù tóóró tirẹ̀ títí dé ẹnu abẹ̀bẹ̀. Ó tún jẹ́ kí ọ̀nà àbáwọlé afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà àbájáde èéfín ṣí pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù lè gbá èyí tó kù nínú sílíńdà jáde. Ọdún 1925 ló gba ìwé àṣẹ lórí èyí.

Èyí ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi ètò náà sára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi méjì ti Jámánì, Preussen àti Hansestadt Danzig, agbára ẹ́ńjìnnì wọn sì gòkè láti agbára ẹṣin 1,750 sí 2,500. Büchi dá ẹgbẹ́ ìṣòwò kan sílẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Brown Boveri, tó ń ṣe tọ́bò, àti iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní Winterthur. Ní ọdún 1938, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde ní Zürich fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ló kú sí ìlú tí wọ́n bí i sí, lẹ́ni 80 ọdún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí tọ́bò wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ará ìta lè rà. Ní ọdún 1962, Oldsmobile gbé Jetfire jáde, Chevrolet sì gbé Corvair Monza Spyder jáde. Ní ọdún 1973, BMW gbé 2002 Turbo tiwọn dé, agbára ẹṣin 170. Àwọn tó wà á mọ ìṣòro rẹ̀ dáadáa: awakọ̀ á tẹná, ọkọ̀ á dákẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni agbára á ṣàdédé já lé e lọ́wọ́. Ìṣòro tí Büchi bá wọ̀yá ìjà náà ló tún padà wá: ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Nǹkan bíi pọ́ùn afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú kan ni agbára ẹṣin mẹ́wàá ń gbà. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì, tó sì fẹ́ agbára ẹṣin 400, yóò nílò pọ́ùn 40 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ́ńjìnnì náà lè fi ara rẹ̀ fà lọ. Bó bá ra tọ́bò tó kéré, yóò tètè jí, àmọ́ bí eré bá le, èéfín kò ní ríbi gbà jáde mọ́, afẹ́fẹ́ á gbóná kọjá ààlà, písítìnì sì lè yọ́. Bó bá ra èyí tó lè gbé pọ́ùn 80 nítorí àṣehàn, abẹ̀bẹ̀ náà á wúwo ju ohun tí èéfín rẹ̀ lè yí nínú ìgboro, ọkọ̀ náà á sì máa sùn ní gbogbo oríta.

Eré ìje tààrà nìkan ni tọ́bò ńlá ti rọrùn. Nínú eré yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402, ni ọkọ̀ ń sá. Awakọ̀ á ti mú kí ẹ́ńjìnnì ké tẹ́lẹ̀ kí iná tó fún un láṣẹ, ẹ́ńjìnnì náà kì í sì í rọlẹ̀ títí yóò fi dópin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tó ń fi Toyota Supra ọdún 1993 sáré fi ń tú tọ́bò kéékèèké méjì tó bá a wá kúrò, tí wọ́n á fi ńlá kan ṣoṣo rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó sì fi sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu agbára tó fẹ́ ní tòótọ́, kó ra èyí tó kàn án gẹ́ẹ́, kó sì rántí pé ìgboro ni ọkọ̀ náà yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Büchi kò borí nípa pé ó kọ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Páìpù tó sún kì ló fi borí. Ẹni tó bá ń lọ ra tọ́bò lọ́la, kó má ṣe gbàgbé bàbá ará Winterthur yìí.